Wákàtí Àtẹ́wọ́ ní Odò-Ìrókò

Ọkọ̀ Olóyè Olúdáre Ìmọ́lẹ̀ ti dúró níwájú sẹ́ńtà ìlera Odò-Ìrókò, eruku tó gbé bọ̀ láti ọ̀nà Ìtàjí sì ti bo gbogbo àwọn tó wá pàdé rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n olóyè kò tíì sọ̀kalẹ̀. Kò lè sọ̀kalẹ̀. Òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni pé ẹsẹ̀ òun kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ níbi iṣẹ́ ìlú kankan, àfi bí akọ̀wé òun bá ti pe àwọn orúkọ ọlá òun tán. Akọ̀wé náà, Fọláhàn Ògúnjọbí, ń bọ̀ lẹ́yìn lórí ọ̀kadà, ṣéènì ọ̀kadà náà sì ti yọ nísàlẹ̀ òkè. Olóyè wá jókòó sínú ọkọ̀, ó ti gíláàsì pa kí eruku má baà kan agbádá rẹ̀, ó ń làágùn bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ìkòkò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn ará ìlú. Àwọn ará ìlú náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i padà. Ìgbà tí ẹ̀rín náà sú wọn tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Fọláhàn sáré dé, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó gbé ohùn sókè.

"Ẹ dìde fún Ọ̀tá Ẹ̀fọn. Ẹ dìde fún Àràbà tí yànmùyánmú bà lé tó gbàgbé ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ẹ dìde fún Alága Ìgbìmọ̀ Ìgbógun-ti-Ẹ̀fọn ní gbogbo Ẹkùn Odò-Ìrókò, ẹni tó wo ibà lójú tí ibà ní ẹ má bínú, òun ṣìnà ni."

Kò sí ẹni tó jókòó tẹ́lẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni sẹ́ńtà náà ní, ewúrẹ́ ló sì wà lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ náà nìkan ló dìde.

Olóyè sọ̀kalẹ̀. Fọláhàn gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn: bí akọ̀wé bá ti sọ̀rọ̀ tán tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sókè, àtẹ́wọ́ ló kàn. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń pe Àràbà, ilé ni ọkàn rẹ̀ wà. Abẹ́ aṣọ méjì ló fi Ìbílọlá ìyàwó rẹ̀ sí nínú oòrùn gangan, ó ń gbọ̀n, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje.

Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńtà, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun kúrò nídìí tábìlì, ó kúnlẹ̀ kí olóyè.

"Ẹ kú ọ̀sán, Olóyè. Yéwándé Ifáyẹmí lorúkọ mi. Dókítà ni mí, iṣẹ́ ìwádìí ló gbé èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá. Oògùn ibà tí gbogbo ènìyàn ń lò, a fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára àwọn tí ibà máa ń tètè ṣe léṣe: àwọn aboyún, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àti àwọn tó ń sùn sóko. A óò gún wọn ní ọmọ ìka. Ẹni tó bá ní ibà, a óò fún un lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́, a óò sì máa padà wá wò ó títí ara rẹ̀ á fi dá."

Olóyè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń wá ní ìpele: èjìká á kọ́kọ́ gbọ̀n, ikùn á tẹ̀lé e, ohùn á wá gbẹ̀yìn bí ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Dókítà, ọmọ mi, ẹ ti pẹ́ jù. Ibà tí ẹ ń wá ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò níhìn-ín. Bóyá kí ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ìkọ̀lé." Ó yíjú sí àwọn ènìyàn. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ara le?"

"Ara le o."

"Ṣé ibà wà lára ẹnikẹ́ni?"

"Rárá o."

Fọláhàn gbé ọwọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó di igi máńgòrò mú kí ó má baà ṣubú fi ọwọ́ kan gbá igi náà, kí wọ́n má baà sọ pé kò pàtẹ́wọ́. Ìyá ọlọ́mọ kan fi gèlè bo ojú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ètè rẹ̀ ti bó.

Dókítà Yéwándé wo igi, ó wo gèlè, ó tún wo olóyè. "A dúpẹ́ bó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Òfin iṣẹ́ wa kò gbà ká gún ẹni tí kò bá fẹ́. Bí a kò bá rí ẹni kankan tó ní ibà títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, a óò kó lọ sí apá Ìkọ̀lé tí ẹ wí yẹn, torí àwọn tó rán wa kò ní gbà ká jókòó síbi tí iṣẹ́ ò sí."

"Ẹ dúró di ọ̀la náà," ni olóyè wí. "Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ láti Adó wá fi mí jẹ Alága fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ ó rí bí a ṣe ń ṣe é."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó dájú pé ẹ̀yin náà á fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ fara balẹ̀.

Ní ọjọ́ kan ni ìgbìmọ̀ olóyè jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé fún ìlú. Wọ́n ti ń jiyàn láti àárọ̀ lórí ibi tó yẹ kí àga alága kọjú sí nígbà tí wọ́n bá ń pín àwọ̀n náà, bóyá ìlà-oòrùn ni tàbí ojú títì, kí ẹ̀fọn kan tó wá kùn létí alága. Alága gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Ó la àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀fọn náà ti kú.

"Ó pa á," ni ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wí, bí ẹni pé ẹkùn ni.

"Láti kékeré ni mo ti ń pa ẹ̀fọn," ni ẹnì kejì wí, "n kò rí èyí tó kú báyìí rí. Ẹ wo bó ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó mọ ẹni tó pa òun."

Ẹnì kẹta tú páálí ìṣáná rẹ̀ dà sílẹ̀, ó sì tẹ́ òkú ẹ̀fọn náà sínú rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i.  Nígbà tí Olóyè sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Ó ní bí ẹnì kan bá fi àtẹ́wọ́ kan pa ẹ̀fọn kan, kí ni gbogbo ìlú kò ní fi àtẹ́wọ́ pa?  Bí Wákàtí Àtẹ́wọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lójoojúmọ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú bọ̀, lásìkò tí ẹ̀fọn máa ń nu ojú tí ó máa ń béèrè pé kí la fẹ́ jẹ, gbogbo Odò-Ìrókò á jáde sí pápá ilé-ìwé tó wà létí àkùrọ̀. Wọ́n á bọ́ apá aṣọ sílẹ̀, nítorí olóyè ní apá aṣọ máa ń dí ìró lọ́wọ́. Wọ́n á gbé àga olóyè ka orí tábìlì láàárín pápá, wọ́n á kọjú sí i, wọ́n á sì máa pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ á fi wú. Ìdí tí wọ́n fi ń kọjú sí i ni pé ẹ̀fọn, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ti wí, fẹ́ràn ibi tí ọlá bá wà. Olóyè á máa mi orí sí àtẹ́wọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ á pa dé díẹ̀ bí ti ọmọ tó ń mu ọmú. Àwọn ẹ̀fọn àkùrọ̀ kò rí irú àsè bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ní láti máa wá ènìyàn kiri láti ojúlé dé ojúlé.

Àwọ̀n ńkọ́? Olóyè ní ẹni tó bá ta àwọ̀n sórí ibùsùn, kò ní ìgbàgbọ́ nínú àtẹ́wọ́. Wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí pápá, wọ́n so ó bí òdòdó mọ́ ọgbà àti mọ́ òpó bọ́ọ̀lù, ó sì rẹwà púpọ̀.

Ẹni tó bá wá ní ibà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ̀rí ni pé kò pàtẹ́wọ́ dáadáa, yóò sì fi ọkọ́ ro gbogbo etí pápá. Láti ọjọ́ náà ni ibà ti tán ní Odò-Ìrókò. Oòrùn ló kù tó ń pa àwọn àgbà. Ìrònú ló ń mú àwọn ìyá. Eyín ló ń yọ àwọn ọmọdé lẹ́nu, títí kan àwọn tó ti ń fi eyín fọ́ egungun. Bàbá kan tilẹ̀ kú nípa àárẹ̀ oko, ó sì ti pẹ́ tó ti fi oko sílẹ̀. Olóyè sọ ìṣẹ́gun náà lórí rédíò, wọ́n gbọ́ ọ ní Adó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí dókítà dé, Fọláhàn bá Ìbílọlá lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì Fọláhàn lé aṣọ méjèèjì lórí. Wọ́n ti mú Tóbi, ọmọ wọn, lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìsàn.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Tóbi," ni Ìbílọlá wí. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Ìyá Tóbi, báwo lara?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń béèrè ni, àbí ìgbìmọ̀?"

"Èmi ni."

"Bó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ni, ara le. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ibà ni."

Fọláhàn yọjú síta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Má pè é bẹ́ẹ̀."

"Kí n pè é ní kí ni? Níjẹta, ẹ ní oòrùn ni. Lánàá, ẹ ní ìrònú ni. Ó dáa, kí ni mo ń rò? Mo ń rò pé ibà ń ṣe mí."

Ó jókòó tì í. Ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ó sì gbé e kúrò kíákíá, ó gbóná bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú epo.

"Dókítà wà lábẹ́ máńgòrò," ni Ìbílọlá wí. "Mo gbọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ń sọ ọ́. Ẹ lọ pè é."

"Títí di ọ̀la péré. Tí wọ́n bá ti fi Olóyè jẹ Alága ìpínlẹ̀ tán, èmi ni akọ̀wé rẹ̀. A óò kó lọ sí Adó. Dókítà pọ̀ lọ bí ewé ní Adó."

"Ọmọ tó wà nínú mi yìí ò mọ Adó, Bàbá Tóbi. Èyí tó bọ́ lọ́dún tó kọjá, ibà kan náà ni. Ẹ rántí."

Ó rántí. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Títí di òní, bó bá fẹ́ bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti oko ló máa ń lọ bẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé ọwọ́ sókè tí gbogbo ìlú á pàtẹ́wọ́," ni Ìbílọlá tún wí. "Ọwọ́ yẹn kan náà ò lè juwọ́ sí dókítà?"

Fọláhàn fọwọ́ nu ẹnu. "Nǹkan kan tún wà. Olóyè ní kí gbogbo aboyún wọ aṣọ yẹ́lò wá sí pápá lọ́la, kí ẹ jókòó síwájú, kí àwọn ará Adó lè rí bí ara yín ṣe le tó."

Ìbílọlá wò ó lójú. "Ṣé kí n bá wọn pàtẹ́wọ́?"

"Díẹ̀díẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di gbígbọ̀n kó tó parí. "Ẹ bá mi fa kóòtù yẹn sókè," ló wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fọláhàn lọ sílé olóyè. Ó pinnu lọ́nà pé òun á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé yàrá àlejò, olóyè ló bá láàárín àga tìmùtìmù, ó wọ súwẹ́tà, ó wọ agbádá lé súwẹ́tà, ó tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé gbogbo rẹ̀. Imú nìkan ló hàn. Àga náà ń gbọ̀n, fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń dún. Gbogbo ìgbìmọ̀ dúró yí i ká.

"Kò sí ohun tó ń ṣe mí," ni ohùn kan wí láti inú bùláńkẹ́ẹ̀tì náà.

"Kí ni ì bá ṣe yín, Olóyè?" ni ọmọ ìgbìmọ̀ kan wí. "Otútù àṣẹ ni. Bàbá mi sọ fún mi pé bí ipò ńlá bá ń bọ̀ lórí èèyàn, á kọ́kọ́ tutù."

"Ẹ̀yin náà ń sọ̀rọ̀," ni èkejì wí. "Èwo ni otútù? Olóyè ò gbọ̀n rárá. Ìlú ló ń mì. Olóyè dúró jẹ́ẹ́."

Gbogbo yàrá gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n náà yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ di ògiri mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìlú tó ń mì má baà gbé wọn ṣubú. Ẹni tí kò rí ògiri dì mú, ó di ẹni tó rí ògiri mú.

"Èmi náà ti kíyè sí i," ni olóyè wí. "Láti àná ni ìlú yìí ti ń mì."

Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, Fọláhàn kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Olóyè, dókítà yẹn ṣì wà lábẹ́ máńgòrò. A lè pè é gba ẹ̀yìnkùlé wá."

Imú náà yíjú sí i. "Fọláhàn. Ta ló ṣẹ́gun ibà ní Odò-Ìrókò?"

"Ẹ̀yin ni, Olóyè."

"Bí mo bá wá ní ibà lónìí, alága kí ni wọ́n fẹ́ fi mí jẹ lálẹ́?"

Fọláhàn wo ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì náà ní òdòdó pupa, èèrà kan sì ń rìn lórí òdòdó kan, ó ń wá ọ̀nà àbájáde. "Olóyè," ló wí, "ìlú ń mì lára ìyàwó tèmi náà."

"Sọ fún un kó dì í mú," ni olóyè wí, ó sì fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo imú.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, pápá kún. Wọ́n so àwọ̀n mọ́ ohun gbogbo tó bá dúró lójú kan. Aṣojú tó wá láti Adó, Ìyáàfin Comfort Ògúntóyìn, jókòó lábẹ́ àtíbàbà, àpótí àmì ẹ̀yẹ wà lórí itan rẹ̀. Láti ìgbà tó ti jókòó ló ti ń fi ọwọ́ gbá ojúgun, tó ń gbá apá, tó ń gbá ọrùn, ìgbìmọ̀ sì ń sọ fún ara wọn pé ẹ wo bí àtẹ́wọ́ ṣe tètè yé e. Àwọn aboyún wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú nínú aṣọ yẹ́lò. Dókítà Yéwándé ti kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó kàn dúró lẹ́nu géètì láti dágbére ni.

Fọláhàn di máìkì mú lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó pe Ọ̀tá Ẹ̀fọn, ó pe Àràbà. Àwọn méjì gbé olóyè lọ́wọ́ lọ́wọ́ gun orí tábìlì, wọ́n fi í sórí àga, ó sì dìde láti sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ Odò-Ìrókò," ló wí, "ẹ̀yin ọmọ Èkìtì lápapọ̀, ẹ̀yin ẹ̀dá gbogbo tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, àti ẹ̀yin ẹ̀fọn díẹ̀ tó kù, tí ẹ ń gbọ́ mi láti ibi tí ẹ sá pamọ́ sí. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkùnrin kan wà. Wọ́n á béèrè pé kí ló fi jagun? Wọ́n á ní ọwọ́ lásán ni."

Ibẹ̀ ni gbígbọ̀n náà dé bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún, ó gun ìdí, ó gun èjìká, agbádá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ orí okùn, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

"Olóyè ń jó," ni ọmọ ìgbìmọ̀ kan ké.

Ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó yẹ kí ẹ rí wọn, àwọn àgbààgbà tó ń gbọ̀n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí wọ́n ń fojú wo alága kí gbígbọ̀n tiwọn má baà ju tirẹ̀ lọ. Àwọn ará ìlú gbà á lára wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò láti fara wé ẹnikẹ́ni, wọ́n ti ń há a mọ́ra láti àárọ̀ ni, inú wọn sì dùn pé ó ti di ohun tí a lè ṣe ní gbangba. Gbogbo pápá ń mì. Ìyáàfin Comfort dìde, ó mi èjìká.

"Ijó yìí mà dára o," ló wí. "Kí lorúkọ ẹ̀?"

Fọláhàn wo bẹ́ǹṣì iwájú. Gbogbo aṣọ yẹ́lò ń gbọ̀n, àfi ẹyọ kan. Ìbílọlá jókòó jẹ́ẹ́. Orí rẹ̀ ti fara ti èjìká Ìyá Ọpẹ́, obìnrin àgbà tó jókòó láàárín wọn láti máa tọ́jú àwọn aboyún, ọwọ́ tó sì fi máa ń di ikùn mú ti yọ̀ sílẹ̀, ó ń fì. Láti ìjẹrin ni Fọláhàn ti ń gbàdúrà pé kí gbígbọ̀n yẹn dáwọ́ dúró. Ó ti dáwọ́ dúró báyìí, ẹ̀rù sì bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó gbé máìkì sẹ́nu. "Ìyàwó mi ní ibà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Mo ní ìyàwó mi ní ibà."

Àtẹ́wọ́ náà pọ̀ sí i. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní, "Ẹ tún un wí."

"Ẹ má pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ní ibà, kò mira mọ́."

Wọ́n rọra pàtẹ́wọ́, torí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni. Ìgbà náà ni Fọláhàn yíjú, ó rí ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ lókè. Òun kọ́ ló gbé e. Bó bá ti di máìkì mú, ọwọ́ náà ti mọ ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ òsì fà á sílẹ̀.

Pápá dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Wákàtí Àtẹ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ bí ẹ̀fọn ṣe pọ̀ tó.

Ìyá Ọpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti di orí Ìbílọlá mú. "Ubà ni ti ọmọ ọmọ mi tó wà nínú ulé náà," ló wí. "Eyín ni mo ń pè é. Ọmọ tó ti ń jẹ eegun."

"Oòrùn tèmi náà," ni ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn, "ibà ni."

"Ìrònú mi."

"Àárẹ̀ oko tí mo ní. Mi ò tilẹ̀ ní oko."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá sì ti sọ tirẹ̀ tán á jókòó sílẹ̀ sórí koríko. Ìyáàfin Comfort dúró, èjìká kan ṣì wà lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ijó yẹn ńkọ́?"

"Kì í ṣe ijó, ọmọ mi," ni Ìyá Ọpẹ́ wí. "Ẹ bá wa jókòó."

Dókítà Yéwándé ti sáré kọjá láàárín wọn pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Fọláhàn fi máìkì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó bẹ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó gbé ìyàwó rẹ̀. Olóyè sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, ó gbá máìkì mú.

"Irọ́ ni," ló wí. "Ẹ gbọ́ mi. Kò sí ibà ní—" Eyín rẹ̀ bá máìkì pàdé. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Gbohùngbohùn gbé e, ó gbé e kọjá àkùrọ̀, ó gbé e dé inú oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìtàjí, níbi tí àwọn tó ń re ilé ti dúró láti gbọ́ irú ẹyẹ tí èyí jẹ́. Olóyè fi ọwọ́ kejì di àgbọ̀n mú. "Ìlú ló ń mì," ló wí.

Gbogbo ènìyàn wo ilẹ̀. Ilẹ̀ dúró. Adìyẹ kan ń rìn lórí rẹ̀, ó ń ṣa nǹkan jẹ, kò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Ẹ̀yin lẹ ń mì, Olóyè," ni Ìyá Ọpẹ́ wí. Kò sì sọ ọ́ bí ìwọ̀sí, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún ẹlòmíràn pé bọ́tìnnì rẹ̀ ṣí.

Wọ́n tún tẹ́ tábìlì sábẹ́ máńgòrò, wọ́n tan iná ọkọ̀ sí i. Ìbílọlá ni wọ́n kọ́kọ́ gún ní ìka. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ohun funfun pẹlẹbẹ kan, ìlà méjì sì yọ. Dókítà ní ìlà kejì yẹn ni ibà. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì ní bí abẹ́rẹ́ náà bá ti wọ̀ ọ́ lára, ọkọ̀ àwọn á gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìdó lálẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé e níkùn, ó tẹ́tí. Fọláhàn ń wo ojú rẹ̀. Ojú dókítà kò sọ nǹkan kan.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?" ni Fọláhàn béèrè.

"Ẹ dákẹ́ ná."

Fọláhàn di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. 

"Ó wà níbẹ̀," ni dókítà wí. "Ó bínú gan-an, ó ń tàpá."

Ìbílọlá la ojú díẹ̀. "Ọmọ bàbá rẹ̀ kọ́ nìyẹn," ló wí. "Bàbá rẹ̀ kì í tàpá."

"Mo tàpá lónìí, Ìyá Tóbi."

"Mo gbọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín."

Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀, Fọláhàn sì wọlé tì í. Bí wọ́n ti ń dúró kí abẹ́rẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára, Fọláhàn rí ìlà tó ti tò lábẹ́ igi gba ojú fèrèsé: àwọn aṣọ yẹ́lò níwájú, àwọn ọlọ́mọ lẹ́yìn wọn, ìgbìmọ̀ lẹ́yìn àwọn ọlọ́mọ, tí wọ́n ń jà pé ibà tàwọn ló pẹ́ jù. Ìyáàfin Comfort ti ju àpótí àmì ẹ̀yẹ sínú báàgì, ó fa sípì rẹ̀ dé, ó ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti gbé gíláàsì sókè, ó ṣì ń gbá ojúgun.

Olóyè dé. Kò sí ẹni tó pe nǹkan kan fún un. Ó bọ́ síwájú ìlà, ó dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni dókítà wí láìgbé ojú sókè, "aboyún àti ọmọdé ló ṣáájú. Ẹ jókòó, a óò dé ọ̀dọ̀ yín."

Ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn ọmọ ọmọ Ìyá Ọpẹ́ tí wọ́n ti lọ gbé wá láti ilé. Bí ìlà bá sún, òun náà á sún. Nígbà tó kàn án, ó di ojú, ó na ìka. Ìlà méjì yọ. Gbogbo àwọn tó wà nítòsí na ọrùn wò ó, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sì sọ pé ìlà ti Olóyè pupa ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbè é.

Dókítà fún un lóògùn, ó ní kó jẹun kó tó lò ó, kó má sì ṣe dá a dúró bí ara bá ti fúyẹ́. "Ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ, Bàbá?"

Olóyè la ẹnu.  Ó tún pa á dé. Ó fi oògùn sínú àpò súwẹ́tà, ó ká apá agbádá méjèèjì lọ́wọ́ kó má baà wọ́lẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí Ìbílọlá wà nínú rẹ̀ kọjá. Fọláhàn sọ pé, "Ẹ máa rọra o, Olóyè." Olóyè mi orí, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.